Aró Tó Wọ Inú Fọ́tò Wa

Bàbá mi kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó mọ àwọ̀ tó wọn. Ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Oregun, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń po àwọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Èkó, báàgì kan àti ẹní ìkírun ni wọ́n gbé dání. Bí oníbàárà bá mú aṣọ péńpé kan wá sí ilé iṣẹ́ náà pé irú àwọ̀ báyìí ni òun ń fẹ́, bàbá mi ni ọ̀gá máa ń ké sí. Wọn á mú aṣọ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé, wọn á yí i síwá sẹ́yìn, wọn á wá padà wá sọ pé, "Pupa díẹ̀ ló kù." Wọn kì í sábà ṣì í.

Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́. Ibi ìkẹ́rùsí ló dà báyìí, àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń wọ̀, wọ́n ń jáde. Ṣùgbọ́n ojú tí bàbá mi fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò kúrò lára wọn. Bí a bá jọ ń rìn lójú títì, wọ́n á fọwọ́ kàn mí pé kí n wo obìnrin kan, pé ìró àti bùbá tó wọ̀ yẹn kì í ṣe ọmọ ìyá, pé ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pa wọ́n láró. Mo máa wò ó títí, n kò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ifako-Ijaye. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ń gbé òkè ilé tí bàbá mi kọ́, àwọn òbí mi wà nísàlẹ̀. Lọ́dún tí mo ra kámẹ́rà kékeré kan, èmi àti ọkọ mi lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, a sì ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Ẹni tó tà á fún wa fi ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe sínú rẹ̀ ní èènì. Ọkọ mi kò tilẹ̀ wo èènì náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́ báyìí, tí iná sì wà, màá jókòó sí ìdí rẹ̀, màá máa gé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò kúrò, màá máa sọ òkùnkùn di ìmọ́lẹ̀. Inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé tó rí yanrìn òjò.

Ọjọ́ kan lẹ́yìn Iléyá ni bàbá mi gun òkè wá gba gèlè tí ìyá mi gbàgbé sọ́dọ̀ wa. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń bá fọ́tò kan jà. Ìyá mi ló wà nínú rẹ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ tapólì tí a ta síwájú ilé, ojú wọn sì dà bí ẹni tí inú ń rú. Bàbá mi dúró lẹ́yìn mi.

"Kí ló ṣe ìyá rẹ?"

"Fọ́tò ni, bàbá mi. Mo ti ń tún un ṣe láti àárọ̀, kò gbọ́."

Wọ́n fa àga sún mọ́ mi. "Irú tapólì wo nìyẹn?"

"Tapólì aláwọ̀ ewé tí àwọn onílé kejì yá wa."

"Ẹ̀hẹn. Oòrùn gba inú ẹ̀ kọjá, ó bá àwọ̀ ewé wálẹ̀, ó da gbogbo ẹ̀ lé ìyá rẹ lórí. Má wo ojú ìyá rẹ mọ́. Wá ohun funfun kan fún mi nínú fọ́tò yẹn."

Mo wá a, mo rí abọ́ tánńganran kan lórí tábìlì.

"Ṣé ó funfun?"

Mo wò ó dáadáa. "Ó jọ pé ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ lára."

"Jẹ́ kí abọ́ yẹn kọ́kọ́ funfun. Tí funfun bá ti jókòó sáyè ẹ̀, àwọn àwọ̀ tó kù á bá a jókòó."

Nínú ètò náà, àwọn àmì kéékèèké kan wà tí a ń fi máòsì fà sọ́tùn-ún tàbí sósì láti fi kún àwọ̀ kan tàbí láti dín in kù. Mo fa èyí tó jẹ́ ti àwọ̀ ewé sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Abọ́ náà ń mọ́ bọ̀. Bí mo ṣe gbójú sókè, ìyá mi ti padà di ìyá mi, pẹ̀lú ara wọn tó pọ́n bí epo tuntun. Mo pariwo. Bàbá mi kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n mú gèlè ìyá mi, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún padà wá, wọn kò sì mú ohunkóhun ṣe àwáwí. Láti ìgbà yẹn, Sátidé di ọjọ́ èmi àti bàbá mi. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ní kí a gbé kọ̀ǹpútà kúrò lábẹ́ gílóòbù, kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń fi gílóòbù wo àwọ̀ àfi olè. Ohun kejì ni pé wọ́n fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lo máòsì. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tó ti gbé garawa àwọ̀ fún ogún ọdún kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ohun tó fúyẹ́ mú. Wọn á fún un mọ́wọ́ bí ẹni fẹ́ fún ọsàn, àmì orí kọ̀ǹpútà á sì sá lọ sí igun.

"Ó tún ti lọ!"

"Ẹ rọra, bàbá mi. Ẹ fọwọ́ lé e bí ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ lé orí ọmọ."

Wọ́n mọ̀ ọ́n nígbẹ̀yìn. Nígbà tó yá, èmi ni mo ń jókòó lẹ́yìn, àwọn ni wọ́n ń fa àmì. A tún fọ́tò ìkómọ ọmọ àbúrò mi ṣe, a tún ti ìparí ọdún ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe. A ya àwọn fọ́tò àtijọ́ wọn tó ti ń ṣá, a kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, bàbá mi sì rántí àwọ̀ gbogbo aṣọ tó wà níbẹ̀, títí kan táì tí wọ́n yá wọ̀. Mo gbọ́ ìtàn lára wọn lẹ́nu bí ọdún kan yẹn ju èyí tí mo gbọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́mọdé lọ. Bí wọ́n bá ń wo àwọ̀, ẹnu wọn máa ń ṣí.

N kò lè sọ ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Mo kàn rántí pé wọ́n ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé, "Yẹ́lò ti pọ̀ jù nínú èyí." Màá wo fọ́tò náà, n kò ní rí yẹ́lò kankan.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ rí i, bàbá mi?"

"Ṣé ìwọ ò rí i ni?"

Màá tún tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n á fa àmì náà sí apá ibi tí aró, ìyẹn búlúù, wà, wọ́n á fà á títí, wọ́n á wá mí kanlẹ̀ pé ó tó báyìí. Lójú tèmi, ṣe ni fọ́tò náà dà bí èyí tí a yà nígbà tí òjò ń ṣú. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́? Èmi tí n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró àti bùbá ni mo fẹ́ bá ẹni tí ọ̀gá ń ké sí jiyàn lórí àwọ̀? Mo sọ fún ara mi pé ojú mi ni kò tó. Fọ́tò bíi mélòó kan jáde bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ń kó wọn pamọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi wá fẹ́ pé àádọ́rin ọdún. Àwa ọmọ fẹnu kò pé a ó fọ fọ́tò ńlá kan fún wọn, a ó fi férémù sí i. Èmi ni mo ya fọ́tò náà, níwájú ilé, nínú léèsì aláwọ̀ bọ́tà tí wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo aṣọ wọn lọ. Bàbá mi ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ àwọn ni. Sátidé mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á fà á síwájú, wọ́n á fà á sẹ́yìn, wọ́n á dìde lọ wo ìta lójú fèrèsé, wọ́n á padà wá jókòó. Nígbà tí wọ́n parí, mo gbé e lọ sí Ìkẹjà fún ẹni tó ń bá wa fọ fọ́tò. Ọkùnrin náà wò ó, ó wò mí.

"Àǹtí, ṣé báyìí lẹ fẹ́ ẹ? Ó jọ pé búlúù ti pọ̀ nínú ẹ̀."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ló ṣe é."

Lọ́jọ́ ọjọ́ ìbí náà, lẹ́yìn tí ààfáà ti ṣe àdúà tán, àbúrò mi gbé férémù náà jáde, ó fi lé ìyá mi lọ́wọ́. Wọ́n ṣí aṣọ tí a fi bò ó. Wọ́n wò ó.

"Ta ló kú?" ni ìyá mi wí.

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ní ta ló kú? Léèsì bọ́tà mi dà? Èyí dà bí aṣọ tí wọ́n fi eérú fọ̀. Ojú mi sì rèé bí ojú ẹja inú yìnyín."

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo ṣe," ni bàbá mi wí. Ohùn wọn ti yí padà. "Ojú mi kò tíì fọ́."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Ìyá mi wo ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì wò mí. N kò lè gbójú sókè. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti la ẹnu mi ní Ìkẹjà, tàbí ní òkè, ọjọ́ yẹn kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi kò gun òkè wá mọ́. Sátidé á dé, àga wọn á dúró lófìfo. Mo fẹ́ lọ tún fọ́tò náà ṣe fúnra mi kí n sì tún un fọ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi kọ̀. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀. Ẹni tó bà á jẹ́ ló máa tún un ṣe."

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òjò jò wọ pálọ̀ wa, bàbá mi sì wá wo òrùlé nítorí pé ilé wọn ni. Wọ́n wòkè, wọ́n tún wo ògiri yíká.

"Kí ló dé tí ẹ ò kun ilé yìí? Ògiri ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀."

Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí ni ọkọ mi kun ògiri yẹn, ó sì funfun báláú títí di ìṣẹ́jú tí a wà níbẹ̀ yẹn. Mo ṣí páálí ìwé tuntun tí mo fẹ́ gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo yọ ẹyọ kan, mo fi lé wọn lọ́wọ́.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọ̀ ìwé yìí?"

"Ìwé tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni. Ó dà bí omi ẹ̀kọ."

"Òní ni mo tú u."

Wọ́n wò mí bóyá mo ń ṣe eré. Wọ́n wá mú ìwé náà lọ síbi fèrèsé, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, wọ́n wá àga wọn jókòó.

"Tíṣà," báyìí ni wọ́n máa ń pè mí, "kí ló ń ṣe mí?"

Ọkọ mi fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú ní Ìkẹjà. Obìnrin àgbà kan ni. Ó tan iná sójú bàbá mi, ó wò ó fínnífínní, ó wá fà sẹ́yìn.

"Bàbá, Ọlọ́run fi nǹkan kan sínú ẹyinjú wa tó dà bíi gíláàsì. Tiyín ti di bàìbàì. Ẹ ṣáà mọ gíláàsì àtùpà tí èéfín ti bò? Gbogbo ohun tí ẹ bá wò, ẹ̀yìn èéfín yẹn lẹ ti ń wò ó. Funfun á máa pọ́n, aró á máa kú. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń wá, ẹni tó ń ṣe kì í tètè mọ̀."

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe fọ́tò ló pọ́n," ni bàbá mi wí.

Oníṣègùn kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn dá lé lórí, ó wò mí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan bàbá mi léjìká. "Ẹ̀rí tó dára lẹ mú wá o. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá kọlu ilẹ̀kùn ni wọ́n tó ń mọ̀. Iṣẹ́ abẹ la ó fi yọ ọ́, a ó fi tuntun rọ́pò ẹ̀."

"Tí ẹ bá ṣiṣẹ́ abẹ yẹn, ṣé màá tún mọ àwọ̀?"

"Ẹ máa mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Síbẹ̀, odindi oṣù kan ni bàbá mi fi sọ pé kò sí abẹ tó máa kan ojú àwọn. Èmi bẹ̀ wọ́n, àbúrò mi bẹ̀ wọ́n, ìmáàmù bá wọn sọ̀rọ̀. Ìyá mi ni wọ́n gbọ́ sí lẹ́nu nígbẹ̀yìn. Ìyá mi kò bẹ̀ wọ́n rárá. Wọ́n kàn gbé fọ́tò burúkú yẹn wá síwájú bàbá mi nígbà tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe fún mi. Mi ò fẹ́ ẹlòmíì."

Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí nọ́ọ̀sì ṣí bándéèjì náà, bàbá mi ń ṣẹ́jú, omi ń bọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú wọn bà lé ni aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

"Nọ́ọ̀sì, irú aró wo ni wọ́n fi pa aṣọ yín yìí?"

"Aṣọ iṣẹ́ ni, bàbá. Ó ti ń ṣá gan-an."

"Tó ti ń ṣá?" ni bàbá mi ń tún un sọ. "Èyí tó ti ń ṣá nìyí?"

Bí a ṣe ń lọ sílé, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, wọ́n ń ṣí èkejì, bí ọmọ tó ń ṣeré bojúbojú. Bọ́ọ̀sì gbọ̀gbọ̀rọ̀ aláwọ̀ aró kan kọjá lára wa. Wọ́n bi ọkọ mi bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun àwọn ọkọ̀ yẹn ni. Ọkọ mi ní rárá, bí wọ́n ṣe wà látọjọ́ nìyẹn. Bàbá mi gbé orí lé fèrèsé, wọ́n ń wo sánmọ̀ títí a fi délé.

Oníṣègùn ní kí wọ́n sinmi. Wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni àwọn fẹ́ lò. Mo dì wọ́n lápá mú, a gun òkè, mo ṣí fọ́tò ìyá mi. Wọ́n bo ojú ọ̀tún. "Ojú yìí ní ó dára." Wọ́n bo ojú òsì. "Èyí ní . . . Yéè! Subuhánalláhì!" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí mo fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má mi orí. Bó ṣe wá rọlẹ̀, ojú wọn yí padà.

"Ìwọ rí i?"

"Mo rí i, bàbá mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́fà."

"O ò sì sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní àwọ̀. Mo rò pé ojú mi ni kò tó."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Níbi iṣẹ́ wa, bí ọmọ iṣẹ́ bá rí àṣìṣe ọ̀gá tó dákẹ́, odindi ìgàn aṣọ ló ń bàjẹ́. Ọ̀wọ̀ kọ́ nìyẹn. Bí mo bá tún ṣì í, sọ fún mi. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ẹ má bínú."

Omi bọ́ lójú mi, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó ya mí lẹ́nu pé inú mi fúyẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri.

Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti ṣe ojú kejì ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn fọ́tò yẹn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ìyá mi ni wọ́n fi ṣáájú. Lọ́jọ́ náà, ìyá mi gun òkè wá bá wa, wọ́n ní àwọn kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnì kankan mọ́. Bàbá mi mú kí fọ́tò náà tóbi sí i lójú kọ̀ǹpútà, títí tó fi jẹ́ pé ojú ìyá mi nìkan ló kù níbẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n yíjú wo ìyá mi fúnra wọn, wọ́n tún padà wo fọ́tò.

"Ìyá wọn, o mà ti dàgbà o! Mi ò mọ̀ pé ojú rẹ ti hunjọ tó báyìí."

"Háà! Ẹ̀yin náà, ẹ dìde, ẹ lọ wo dígí!"

Bàbá mi dìde lóòótọ́, wọ́n wọ yàrá wa lọ. Wọ́n pẹ́ débi pé ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n wọn.

"Gbogbo yín ń wo irùngbọ̀n yìí lójoojúmọ́, ẹnì kankan ò sọ fún mi pé ó ti funfun tán pátápátá."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fi etí ìró nu ojú. Wọ́n wá ní, bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà yẹn mọ nǹkan ṣe lóòótọ́, kó bá àwọn yọ ibi tó hunjọ lábẹ́ ojú kúrò. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo ti nawọ́ sí máòsì. Bàbá mi gbá mi lọ́wọ́ sẹ́yìn.

"Fi sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni."

Ìyá mi tún gèlè wọn wé, wọ́n sún àga wọn mọ́ ti bàbá mi, wọ́n sì jókòó títí léèsì náà fi padà di aláwọ̀ bọ́tà. Fọ́tò náà ló wà ní pálọ̀ ìsàlẹ̀ báyìí. Bí àlejò bá wọlé tó yìn ín, ìyá mi á ní kó sún mọ́ ọn kó wò ó dáadáa, kó ka gbogbo ibi tó hunjọ tó bá wù ú, pé ọkọ àwọn kò jẹ́ kí wọ́n yọ ẹyọ kan ṣoṣo.